Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí Adédùntán ṣe ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́ tí nǹkan ń já lulẹ̀ lókè, gbì, gbì. Ó sáré gun àtẹ̀gùn. Signor Buaron, ọ̀gá rẹ̀, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ló wà lórí àkàbà, tó ń ti ìdì aṣọ kúrò lórí pẹpẹ bí ẹni ń da ìdọ̀tí nù.

"Signore! Ẹ máa ṣubú o!"

"Wá bá mi di àkàbà mú."

Ọdún kẹfà rèé tí Adédùntán ti ń bá a ta aṣọ ní Barriera di Milano, àdúgbò kan ní Torino ní Ítálì, kò rí i kó ṣe báyìí rí. Ẹni tí í ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já sílẹ̀! Júù ni, ọmọ Tripoli ní Líbíà. Lọ́dún 1967 ló dé sí Torino pẹ̀lú ìyàwó àti àpótí kan ṣoṣo. Ó kiri aṣọ láti ojúlé dé ojúlé títí ó fi ra ilé alájà méjì yìí. Àwọn ará àdúgbò ní ahun ni. Láti àná, Adédùntán náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Iná jó ilé tí ìdílé Nàìjíríà mẹ́jọ ń gbé nítòsí wọn. Pásítọ̀ Ọlálẹ́yẹ wá tọrọ kúbùsù fún wọn. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Domani," ó sì wọlé lọ. Ọ̀la kẹ̀! Nínú òtútù oṣù Ṣẹẹrẹ! Adédùntán kò lè gbójú sókè wo pásítọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi òkè yìí ṣe, Signore?"

"Kí wọ́n máa gbé e. Títí wọ́n á fi rílé."

Wọ́n kó aṣọ títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó yá, bàbá jókòó lórí ìdì aṣọ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Lọ́jọ́ tí àwọn èrò ń dáná sun ṣọ́ọ̀bù àwa Júù ní Tripoli, aládùúgbò wa kan, Mùsùlùmí, dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó fi Ọlọ́run búra fún wọn pé kò sí Júù kankan nínú ilé. Lọ́jọ́ kẹta, a sá lọ. Mi ò dágbére fún un." Ó nu ojú rẹ̀. "Lánàá, bí pásítọ̀ yín ṣe dúró yẹn, ojú ọkùnrin náà ni mo rí. Àyà mi já. Ìdí tí mo fi wọlé nìyẹn."

Adédùntán gbé ìdì aṣọ mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde lóòótọ́. Òun tó sì ti ń wo ìkòkò yìí fún ọdún mẹ́fà kò ṣí i wò rí.

Kó tó di agogo mẹ́rin, àwọn tí iná jó ilé wọn dé. Bùkọ́ ló ṣáájú, báńdéèjì lápá, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré lọ́wọ́. Ọmọ náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ amúlégbóná. "Mamma, è caldo!" Ó ń yọ̀ pé ó gbóná.

Pásítọ̀ ní, "Bàbá, orúkọ yín la máa kọ sára ilẹ̀kùn yìí."

"Ẹ má kọ nǹkan kan." Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn sì ti ń wọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó dé fìlà, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé Adédùntán lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Adédùntán ń tẹ́ aṣọ òtútù sílẹ̀ fún ọmọ náà nígbà tí Padova, ìlú tó ti kọ́kọ́ gbé kó tó dé Torino, sọ sí i lọ́kàn: òjò, ìdúró bọ́ọ̀sì, àti ìyá arúgbó òyìnbó kan tó fà á lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀, tó sì fún un ní ibùsùn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí iṣẹ́ yọ ní Torino, ìyá náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Adédùntán kò dúró dè é.

Ó dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, ó ń wá orúkọ ìyá náà lọ́kàn. Signora kí ni? Kò rántí pé òun béèrè rí.