Ìkòkò Tábà Tí Òǹtẹ̀ Rẹ̀ Lọ

Dígí ni wọ́n ń pe awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì náà, nítorí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní bó ń jẹun. Ìkòkò tábà àtijọ́ ló ń kó jọ, àwọn tí wọ́n fi gbòǹgbò igi gbẹ́. Wọ́n kún orí pẹpẹ ní pálọ̀, tòun ti páálí pélébé tó kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Ohun tó ń pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́rìn-ín ni pé ọkọ òun kò fa tábà rí láyé. Bí aládùúgbò bá tan sìgá, Dígí á ti fèrèsé, á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú àpótí ṣíbí, ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́jà àlòkù kan, ló ti rí ìkòkò tó gba oorun lójú rẹ̀. Èérí bò ó, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó ti ṣá: lẹ́tà díẹ̀ àti ohun tó jọ ìràwọ̀. Dígí gbé awò lé e, ó sì dá a mọ̀. Òǹtẹ̀ ọ̀gá agbẹ́gi kan ni, tó ti kú tipẹ́, tí ìwọ̀nba iṣẹ́ rẹ̀ ló kù láyé. Lọ́yà, ọ̀rẹ́ tó ti di orogún rẹ̀ nídìí ìkòkò, ní ọ̀kan lára iṣẹ́ náà, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n jókòó tí kò ní mẹ́nu bà á.

Dígí ránṣẹ́ pe Lọ́yà àti Dókítà Eyín, obìnrin àgbà tó jẹ́ pé bó bá ti sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò, ó parí. Kí wọ́n wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Bí Dókítà bá ti gbà pé iṣẹ́ ọ̀gá yẹn ni, ó kan Lọ́yà láti jókòó, kó fetí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkòkò tó máa sọni di ẹni ńlá kò gbọdọ̀ fi ìdọ̀tí pàdé àlejò. Dígí fi ìda pa á, ó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán igi, ó ń dán an, ó ń kọrin. Ìlà igi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ṣù jọ nísàlẹ̀, wọ́n wá nà sókè yí ìkòkò ká bí ọwọ́ iná níbi tí atẹ́gùn kò dé. Orin dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbòǹgbò igi kékeré kan láàárín àpáta ló rọra ya àwòrán yìí sínú òkùnkùn ilẹ̀, láìretí ojú ẹnikẹ́ni. Ó tún dán an sí i, kó lè rí i dáadáa.

Nígbà tó máa yí ọrùn rẹ̀ wò, ibẹ̀ ń dán gbinrin. Òǹtẹ̀ ti lọ.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé bá a níbi tó ti fẹ́ fi sáńpépà ha ẹnu ọ̀pá ìkòkò náà, níbi tí eyín ti jẹ rọ́bà dúdú wọnú. Ó gba sáńpépà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní èyí tó ti parẹ́ tó.

Lọ́jọ́ Àìkú, Lọ́yà kò tíì jókòó tán tó ti yí ìkòkò sọ́tùn-ún, sósì.

"Òǹtẹ̀ dà?"

Dígí ti se irọ́ oríṣiríṣi sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì jinná. Ó wo ìlà igi náà, ó rí i pé òun ò lè pa ọ̀kankan níwájú rẹ̀.

"Èmi ni mo dán an nù."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí ẹlẹ́rìí tó pa irọ́, òun kò tíì rí èyí tó fi ìda pa ẹ̀rí tirẹ̀ run.

Dókítà kò dá sí wọn. Ó ti gba awò lọ́rùn Dígí, ó ń wo ẹnu ọ̀pá. Ẹnu ẹlẹ́nu ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wò. Ó ní apá òsì ẹnu ni ẹni tó ń fa ìkòkò yìí fi ń há a. Eyín kan ti yọ níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e sì wọ́. Ó ní àmì náà jìn nítorí pé ọwọ́ ẹni náà méjèèjì kì í ṣófo: eyín nìkan ló ráyè di ìkòkò mú.

"Ẹni tó gbẹ́ ẹ, n ò lè sọ ọ́, Ọ̀gá Dígí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fà á ṣì wà níhìn-ín."

Lọ́yà pàápàá na ìka, ó fi kan kòtò kékeré tí eyín jẹ náà, ó sì yára fà á padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ara ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n lọ, Dígí ki páálí tó ti kọ orúkọ ọ̀gá agbẹ́gi náà sí bọ àpò. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó ti ẹnu ọ̀pá bọ ẹnu. Eyín rẹ̀ wá àmì náà títí, wọn ò bá a mu.

"Kò gbà mí," ó ní.

"Ẹnu ẹlẹ́nu ni, Dádì," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ yọ ọ́."

Ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá tí onílé ti ń sùn.