Ọkọ̀ Mi Ti Kú

Ọkọ̀ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ké gbàù, ó sì dákẹ́ sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó pẹ̀lú àpò ẹ̀wà mẹ́rin nínú bọ́ọ̀tù rẹ̀. Karimat tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fun fèrè, ẹnìkan sì yọ orí síta, ó ní kí màmá lọ sílé lọ dáná. Ó ti rẹ Karimat ju kó bú ènìyàn lọ.

Pijó ni ọkọ̀ náà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ Sàláúdéènì, ọkọ rẹ̀. Takisí ni Sàláúdéènì fi í ṣe títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi mú un lápá òsì ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbà tí ebi fẹ́ bá wọn wọlé, Karimat lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, òun ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó sì ń fi í kó ẹ̀wà fún àwọn oníṣòwò láti Oríta-mẹ́rin lọ sí Ọjà'ba. Síbẹ̀, lẹ́nu gbogbo ará ilé, títí kan ẹnu òun alára, ọkọ̀ Sàláúdéènì ni. Ó kàn ń bá a wà á ni títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀ yàrá bí ẹni ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ó ti kù díẹ̀."

Àwọn alábàárù bá a dá ọkọ̀ náà padà sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tì í dé ọ̀dọ̀ Japheth mẹkáníìkì ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Bí Japheth ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, Karimat yọ fóònù. Owó orí rẹ̀ ò tó pe ènìyàn mọ́, ló bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Afeez, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, láìfi àmì ohùn kankan sí i, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é: "oko mi ti ku, pe mi". Kò tíì dá fóònù náà padà sápò tí bátìrì rẹ̀ fi tán.

"Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ," Japheth ní. "Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ká tú u, ká gbẹ́ inú rẹ̀, ká máa wá páátì rẹ̀ kiri. Ó lè gba oṣù kan o. Bá a bá sì ṣe é tán, ẹ̀bẹ̀ la ó ṣì máa bẹ̀ ẹ́ kó tó gun Mápó."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ẹ́ńjìnnì Tòyótà kan wà nílẹ̀ níbí, tòkunbọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ti wà á lọ. Á gbé ẹ̀wà yín gòkè bíi pé òwú lẹ rù sí i. Àmọ́ kò bá ìjókòó Pijó mu. Wẹ́dà máa gé irin tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, tó bá sì ti gé e, kò sí àdápadà mọ́." Ó nu ọwọ́ sí àkísà. "Ṣé Bàbá máa gbà? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ fún mi."

Karimat mọ̀. Sàláúdéènì ti ní ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé ọkàn ẹlòmíràn sí nínú kì í ṣe ọkọ̀ òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ Tòyótà yẹn ni Karimat ń fẹ́, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni tó ti rẹ̀ ṣe ń fẹ́ ẹní. Kò sí oníṣòwò tó máa fi oṣù kan dúró de ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn àgbà ò kàn sọ ohun tá a máa ṣe bí ẹlẹ́bọ bá ní òun ò fẹ́ òòbẹ̀.

"Jẹ́ kí n lọ bi wọ́n ná," ó ní.

Ó fẹsẹ̀ rìn dé Bẹyẹrúnká, ó ń to ẹ̀bẹ̀ jọ lọ́nà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, Nojeem, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Òkè Padre, ló bá. Ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ funfun wà lórí itan rẹ̀. Ta ni kò mọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀?

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin lẹ pa á, Ìyá Afeez!" Nojeem bú sẹ́rìn-ín, omijé sì tún bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ yín pè mí, ó ní ọkọ yín ti kú, òun pè yín títí, fóònù yín ò lọ. Mo ra aṣọ kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá tó ń mu ògì!"

Karimat jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín ò wá. Nígbà tó rọra dìde, ó wọlé lọ bá Sàláúdéènì lórí àga rẹ̀.

"Bàbá Afeez, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn."

"Mo mọ̀. Mo ní kí Afeez ka ohun tó o kọ fún mi lórí fóònù Nojeem. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé ife ògì rẹ̀ sílẹ̀. "Ọkọ̀ mi lo pè é."

Láti ọdún méjì, ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde lẹ́nu Karimat rí. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

"Kí ni Japheth wí?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi gígé irin náà pamọ́. Sàláúdéènì ń wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíràn.

"Tòyótà ni kó o gbé sí i. Ọkọ̀ ẹ ni. Jẹ́ kí wọ́n gé e."

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí Karimat tò jọ lọ́nà wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa bẹ̀. "Bóyá ká tú ti àtijọ́ wò náà," ó gbọ́ tí òun ń sọ. "Oṣù kan kì í ṣe nǹkan."

"Ìyá Afeez. Ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà."

Karimat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yìí fi ń kọ̀, ẹnìkan ṣì wà nínú ilé tó máa padà sídìí ọkọ̀, tí Karimat á sì sinmi. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kíkọ̀ yẹn gan-an ni òun fẹ̀yìn tì.

Ó pe Nojeem, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pe Bẹ́ẹ̀rẹ̀. "Japheth," ó ní, "ẹ gé e."

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá sunkún ọkọ rẹ̀, tó jókòó tì í láàyè.