Ẹja Wẹ́wẹ́ Inú Àwọ̀n

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò lórúkọ tó dùn-ún pè, ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi fún mi ní tirẹ̀: Dókítà Ẹja. Níwájú àlejò, ìyìn ni. Nílé, yẹ̀yẹ́ ni. Mo máa ń lọ káàkiri àwọn adágún agbègbè wa láti mọ ohun tó ṣì wà láàyè nínú wọn, torí èéfín àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ti ba òjò jẹ́, òjò sì ti sọ omi wọn di kíkan.

Adágún tó wà lẹ́yìn ilé wa ni Bàbá fi tọ́ wa dàgbà. Ẹja ibẹ̀ ló fi rán mi níléèwé, níbi tí mo ti kọ́ pé adágún náà ń kú lọ. Bàbá kò gbà.

"Omi tó mọ́ gaara báyìí? Mo ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti inú ọkọ̀!"

Mímọ́ yẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú, inú mi kì í sì í pẹ́ bí. Ó mọ́ torí pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti ń tán. Ìṣáwùrú ló kọ́kọ́ lọ, àkèré tẹ̀ lé e. Ní ti ẹja, ńṣe ni èyí tí Bàbá ń pa ń tóbi sí i lọ́dọọdún, tí àwọn aládùúgbò ń kí i kú oríire, tí òun náà ń yan fanda létí omi. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: arúgbó ẹja lẹ̀ ń pa, Bàbá. Ẹyin wọn kì í di ọmọ mọ́ nínú omi kíkan. Wọ́n ń tóbi torí kò sí ọmọ tó ń bá wọn du oúnjẹ.

"Ó dáa, Dókítà," ni yóò wí. "Jẹ arúgbó tìẹ, ó wà nínú abọ́."

Lọ́dún yìí, ọ̀gá mi rí ẹfun lílọ̀ gbà, èyí tí a máa ń dà sómi láti dín kíkan rẹ̀ kù. Adágún kan ṣoṣo ló máa tó, àwa sì ní méjì tó nílò rẹ̀: tiwa àti èyí tó wà lẹ́yìn òkè. Ibi tí ẹja bá ti ń bímọ ni yóò lọ. Mo sọ fún Bàbá nídìí oúnjẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tí wọn ò bá da nǹkan kan sí tiwa ńkọ́?"

"Àwọn àgbà tó kù á kú tán, Bàbá. Ó parí nìyẹn."

"Tí o bá rí ọmọ ẹja díẹ̀?"

"A jẹ́ pé adágún wa yọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́, mo dẹ àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá wa ọkọ̀ fún mi, mo sì fa àwọ̀n sókè. Ẹja wẹ́wẹ́ kún un! Mo pariwo. Mo dì mọ́ Bàbá débi pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ó ń wo ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àfìgbà tí mo mú ọ̀kan sọ́wọ́. Ó ti kú. Mo mú òmíràn. Gbogbo wọn ló ti kú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ funfun ti dí ibi tí wọ́n fi ń mí. Lẹbẹ wọn ti họ létí, bí ti ẹja tó dàgbà nínú kòtò oníṣìmẹ́ǹtì ṣe máa ń rí. Obìnrin kan ní ìkóríta wa ń sin irú wọn tà láàyè.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?"

Mo ti fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò wò mí mọ́. Àwọn ẹja náà ló ń wò, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Láàyè ni mo dà wọ́n sómi lẹ́yìn tí o dẹ àwọ̀n tán," ó wí. "Wọ́n ń sáré kiri. Kí ló pa wọ́n?"

"Omi ni, Bàbá."

Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n sọ nǹkan mìíràn. Gbogbo ọdún tí mo fi bá a jiyàn, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ tó bá gbà mí gbọ́ ni yóò dùn mí jù.

"Èyí tó wà lẹ́yìn òkè," ó wí, "ṣé ẹja ibẹ̀ ṣì ń bímọ?"

"Díẹ̀díẹ̀, Bàbá."

Mo lè parọ́. Bí mo bá kó ẹja yìí dé ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè. Bàbá náà mọ̀.

Ó mú àjẹ̀. "Ẹ gbé ẹfun yẹn fún ọlọ́mọ," ló wí, ó sì darí ọkọ̀ sílé. Mo sunkún títí a fi dé etí omi, kò sì ní kí n dákẹ́.