Iná Wà ní Yàrá Ìgbẹ̀bí

Ọmọ méjì ni mo bí: obìnrin tó jẹ́ agbẹ̀bí ní ọsibítù ìjọba, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ayàwòrán tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Ìyàwó àbúrò yìí ń rọbí lọ́wọ́ ni iná lọ. Ẹ̀rọ amúnáwá ọsibítù náà ti kú tipẹ́. Ohun tí àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á tan iná fóònù, wọ́n á fi eyín há a, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Báyìí ni ọmọ mi ṣe gbẹ̀bí ìyàwó àbúrò rẹ̀. Bàbá ọmọ ká a sí fídíò láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì gbé e sórí ayélujára kí ojú lè ti ìjọba.

Ayé gbọ́, ọ̀run mọ̀. Wọ́n ń bú ìjọba, wọ́n ń pe ọmọ mi ní akọni, èmi náà ń yan fanda ládùúgbò. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé ìgbésẹ̀ lóòótọ́: wọ́n dá ọmọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, torí pé ó mú fóònù wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Wọ́n ní bó bá fẹ́ padà, kó sọ fún aráyé pé iná kì í lọ níbẹ̀. Ó kọ̀, ṣùgbọ́n opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wo ojú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà, òun náà ló sì ká fídíò kejì tó ti sọ ọ́. Wọ́n dá a padà síṣẹ́. Ìjọba ní agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí, kí ni àwọn tún ń tún ẹ̀rọ ṣe fún? Wọ́n wá ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí lẹ́nu ọ̀nà.

Iná tún lọ. Obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, ọmọ mi ò rí ibi tó ti ń wá. Obìnrin náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ olóògbé wá sílé wa, mo ti gbá ìró mi mú, mo rò pé ìjà ló bá wá. Kò jà. Ó ní ibikíbi tí òun bá ti ké gbàjarè lórí ayélujára, fídíò kejì ọmọ mi ni wọ́n fi ń dá òun lóhùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì,” ó ní, “ṣé iná wà lọ́jọ́ yẹn?”

“Kò sí,” ni ọmọ mi wí. “Ẹ ká mi sí fídíò.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún, ọkùnrin náà sì gbé e sórí ayélujára. Ọkàn mi gbọgbẹ́, síbẹ̀ mi ò dá a dúró. Wọ́n lé e níṣẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n èsì tó ń rọ́ wọlé lábẹ́ fídíò náà kò ju ọ̀kan lọ: “Ẹnu rẹ èwo ni ká gbà gbọ́?” Àwọn kan tilẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ olóògbé pa fídíò náà rẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ikú ìyàwó òun rẹ́rìn-ín.