Èyí Tí Ń Yí, Èyí Tí Kì Í Yí

Láptọ́ọ̀pù Ìbídùn wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n ti la ikùn rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n fẹ́ yan. Ilé yẹn ti wó tipẹ́, kí n tó bí àbíkẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ó wà lórí ìdúró, oòrùn àárọ̀ sì ń wọ inú rẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí. Ìbídùn, ọmọ ọmọ mi, kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó mú súkúrú-díráífà lọ́wọ́.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ máa mú ọ̀kan," ló wí. "Nǹkan yín ló wà níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Inú láptọ́ọ̀pù náà ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi Sègilọlá wà, èyí tí Ìbídùn ká sílẹ̀ kí Sègilọlá tó kú, níbi tó ti ń pè mí ní Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ni oríkì tí ìyá wa fún mi. Láti ìgbà tí Sègilọlá ti lọ, kò sí ẹni tó jù mí lọ mọ́ nínú ilé wa, ọmọdé kì í sì í pe àgbà ní oríkì rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló kù láyé tó ń pè mí. Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ti wá gbó, ó ń dákú, ó ń jí. A ní láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ohùn náà tó bá a lọ.

Méjì ló wà lórí ẹní tí a fẹ́ yàn nínú wọn. Ọ̀kan ń yí, ọ̀kan kì í yí. Èyí tó ń yí jẹ́ tòkunbọ̀, ó wúwo. Nígbà tí mo gbé e lé ẹsẹ̀, ó ti di kẹ̀kẹ́ òwú ìyá mi, ó ń yí, ó ń kùn bí oyin. Gbogbo ohun tí a bá ní kó tọ́jú a máa wé mọ́ ọn lára bí òwú. Mo rí òjò níbẹ̀. Mo rí ìró odó. Mo rí ìkọ́ ọkọ mi.

Mo bi kẹ̀kẹ́ náà bóyá yóò bá mi tọ́jú Àwẹ̀ró.

"Màá tọ́jú ẹ̀," ló wí. "Àmọ́ bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, wàá ní sùúrù kí n tú òwú débẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ kú, màá kọ́kọ́ kérora. Wàá gbọ́."

Ìyẹn dùn mọ́ mi. Bí ọkọ mi ṣe lọ nìyẹn. Ó kérora títí a fi bá ara wa sọ gbogbo ohun tó kù láti sọ.

Adìyẹ kan jáde láti inú yàrá, ó gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá, kẹ̀kẹ́ náà sì já bọ́. Òwú lọ́ pọ̀. Ìkọ́ ọkọ mi wọ inú òjò, òjò wọ inú odó, a kò mọ èwo ni èwo mọ́.

Mo mú èkejì. Kò wúwo ju ewé lọ, kò kùn, kò gbọ̀n. Ìbídùn pe orúkọ rẹ̀ ní ẹsẹẹsìdì. "Ẹsẹ̀ dì" ni èmi gbọ́, mo sì rò ó pé àbájọ tí kì í fi í yí, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dì.

Mo ní, "Ṣé wàá bá mi..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí. Mi ò tíì béèrè tán.

Adìyẹ yẹn tún kọjá, Ẹsẹ̀ Dì bọ́ sílẹ̀. "Kò ṣe mí ní nǹkan kan, mà," ló wí láti ilẹ̀.

Mo bi í báwo ló ṣe máa kú. Ó ní, "Ẹ ò ní gbọ́, mà." Mo rántí Sègilọlá, tó kí wa pé ó dàárọ̀, tí ilẹ̀ sì mọ́ láìsí òun. Mo ní kó pè mí wò.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe mí ni, mà," ló wí. "Ẹnu mi ò gbà á."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, wọ́n kọ́ ọ nílé."

Sègilọlá gba ara ògiri wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń jẹ orógbó, ẹ̀gbọ̀n òwú wà lórí rẹ̀. Ó bi Ìbídùn léèrè ilé ìwé. Kò pè mí. Bí òkú bá peni lójú àlá, a kì í jẹ́ ẹ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń yà fún orúkọ mi bí ẹni ń yà fún ọmọ tó sùn lójú ọ̀nà.

"Wò ó bó ṣe jókòó bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin," ló wí fún Ìbídùn. "Ìyá rẹ yìí, láti kékeré, bí a bá ní kó mú ọ̀kan nínú ẹran méjì, ọbẹ̀ á tutù."

Ó gbé Ẹsẹ̀ Dì lé àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò tíì rán mi, mà."

"Èmi ti rán ọ. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Ó jókòó, ó fi eyín tú òwú tó lọ́ pọ̀, ó wá orí rẹ̀ rí, ó sì ń fi í sí Ẹsẹ̀ Dì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò wọlé, odó wọlé, ìkọ́ ọkọ mi wọlé. Kò wú. Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lára kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú.

"Èyí tí kì í yí, kó máa bá ọ rìn," ló wí, kò wo ojú mi. "Èyí tí ń yí, kó gbélé."

Ẹsẹ̀ Dì kúnlẹ̀. Mi ò mọ orúnkún tó fi kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n yín ló rán mi, mà. Wọ́n ní kí n pè yín." Ohùn Sègilọlá sì jáde: Àwẹ̀ró. Mo wo ẹnu Sègilọlá fúnra rẹ̀. Ó pa á dé mọ́ orógbó. Nítorí náà mo jẹ́ ẹ.

"Ẹ̀ẹ́n, mà," ni mo wí.

Inú mi tutù bí omi àmù. Ìbídùn ti ń de ikùn láptọ́ọ̀pù padà. Mo rò pé kí kẹ̀kẹ́ jókòó sílé ni Sègilọlá wí. Àṣé kó gbé ilé ni. Ó ti mú un, ó ń ran ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn lára: ògiri, ilẹ̀kùn, adìyẹ, ẹní, oòrùn tó wà lórí ẹní. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Dìde díẹ̀," ló wí.

Mo dìde, ó wé àpótí náà mọ́ ọn. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi mọ́, mi ò sì já bọ́.