Sìlíńdà Kẹta

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ tún nǹkan yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀?"

"Rárá."

Ọmọbìnrin olùwádìí náà gbójú sókè. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bi yín, bọ̀dá. 'Rárá' kò bá ìbéèrè yìí mu."

"Ẹ kọ òdo síbẹ̀ nígbà náà."

Ó kọ òdo. Òdo kẹtàdínlógún nìyẹn. Yàrá tí wọ́n fún un kì í ṣe yàrá gidi. Ibi tí ibùdó ọkọ̀ pàjáwìrì ń kó kúbùsù sí ni. Kúbùsù ga dé àjà lọ́tùn-ún, ó ga dé àjà lósì, àga méjì àti tábìlì kékeré kan há sáàárín, orúnkún àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Ọmọbìnrin náà wá láti yunifásítì, ó ń wádìí bí àníyàn àti ìpayà ṣe ń ṣe àwọn tó ń sáré gbé aláìsàn àti ẹni tó fara pa.

"Kí n má purọ́ fún yín," ó ní, ó gbé bírò sílẹ̀, "ẹ̀yin lẹ ṣìkẹsàn-án, gbogbo yín lẹ sì fún mi ní òdo. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mo bá ẹni tí òǹtẹ̀ pàápàá ń dẹ́rù bà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ibùdó ń pè é, torí òun ló ń jókòó ti aláìsàn lẹ́yìn ọkọ̀. Ó mọ ìdí tí gbogbo wọn fi ń kọ òdo. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn sọ fún dókítà pé òun kì í rí oorun sùn mọ́. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá fáìlì. Ibẹ̀ ló ṣì wà tó ń to ìwé, ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlá gba ẹ̀mí là.

Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú báyìí tí Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ kan sìlíńdà ọ́síjìn inú ọkọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. 

Ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn. Awakọ̀ rẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kò wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ rí láyé rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, jáde kúrò láàárín kúbùsù! Màdáámù ń pè wá. Ojú rẹ̀ kò sunwọ̀n o."

Màdáámù, ọ̀gá ibùdó, kò ní kí wọ́n jókòó.

"Sìlíńdà kẹta rèé tó máa tán nínú ọkọ̀ yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì," ó ní. "Aláìsàn mélòó lẹ fún ní ọ́síjìn?"

"Méjì, mà," Nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Méjì péré. Àwọn ọkọ̀ yòókù ń fi ẹyọ kan lo oṣù kan gbáko." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ wo ni àbúrò rẹ ń ṣe?"

"Jórinjórin ni, mà." Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìbéèrè náà tó wọ̀ ọ́ lára. "Háà! Màdáámù, ṣé ẹ̀ ń sọ pé mò ń jí èémí aláìsàn lọ jó irin ni?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ló ń sọ ọ́."

"Àwọn èèyàn wo? Kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú mi! Àbúrò mi ní sìlíńdà tirẹ̀, ó ga jù mí lọ. Kí ló fẹ́ fi èyí tó tó ìgò omi yìí ṣe, kó fi lẹ ṣíbí ni?"

Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bí aago méjìlá bá lù tí n kò rí àlàyé, màá kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá mi. Nọ́ọ̀sì, ìwọ lò ń bá nǹkan náà gbé lẹ́yìn. Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkan kan, mà. Bóyá ó ń jò ni."

"Ó yá, lọ wò ó."

Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló po ọṣẹ mọ́ omi nínú ike. Bí ọ́síjìn bá ń jò, ọṣẹ á hó níbi tó ti ń jò. Wọ́n ṣí orí sìlíńdà díẹ̀, wọ́n fi kànrìnkàn pa ọṣẹ yí ọrùn rẹ̀ ká, wọ́n sì pa á mọ́ ibi tí wọ́n ti so rọ́bà mọ́ ọn.

"Ọmọ mẹ́rin, Nọ́ọ̀sì," Jẹ́jẹ́ ń sọ bó ṣe ń pa á. "Ọmọ mẹ́rin ni mo fi ìdí ọkọ̀ yìí tọ́. Bí wọ́n bá lé mi pé mo jalè, ta ni yóò tún gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́? Jọ̀ọ́, bá mi wò ó dáadáa. Ojú tìẹ ló mú."

Wọ́n dúró. Ọṣẹ náà gbẹ síbẹ̀, kò hó. Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì lọ da omi ọṣẹ nù.

Láìronú, Nọ́ọ̀sì tún ṣí sìlíńdà, ó gbé ìbòmú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i. Ó tì í. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìyá arúgbó kan tí kò lè mí, ọkọ̀ wọn sì há sórí afárá láàárín àwọn ọkọ̀ mìíràn. Abẹ́rẹ́ ojú-ìwọ̀n, tó ń fi iye ọ́síjìn tó kù nínú sìlíńdà hàn, ń sọ pé ó kún. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ náà ti há, inú sìlíńdà sì ṣófo. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tí kò fi dì í mú mọ́. Láti ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì kò gba ojú-ìwọ̀n kankan gbọ́, àfi kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun fúnra òun. Kí wọ́n tó jáde, á ṣí sìlíńdà. Bí wọ́n bá dé, á ṣí i. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ó ti wá burú sí i: bó bá jẹun tán, bó bá tọ̀ tán, á ṣí i. Nílé pàápàá, ó ń na ìka sí imú ọmọ rẹ̀ tó ń sùn, títí ìyàwó rẹ̀ fi sọ pé, "Bàbá ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ jí i kó wá sọ fún yín pé òun ò tíì kú ni?"

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ń wo abẹ́rẹ́ náà. Ó ti sún. Kò tó nǹkan, bí ìbú òwú. Ó tún ṣí i, ó tún tì í. Abẹ́rẹ́ tún sún. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: bíi ogójì ìgbà lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó tún un ṣírò. Sìlíńdà kò jò, ẹnikẹ́ni kò sì jí i. Òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi ń tán.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e padà sí yàrá kúbùsù.

"Ohun tí mo bá sọ fún yín, ta ni yóò gbọ́ ọ?"

"Èmi nìkan," olùwádìí ní. "Orúkọ yín kò sí lórí ìwé. Ọ̀gá yín kò lè rí i."

"Bó bá jẹ́ pé ó yẹ kó rí i ńkọ́?"

"Kì í ṣe ẹnu tèmi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ, bọ̀dá. Ẹnu tiyín ni."

Orí ìdúró ni Nọ́ọ̀sì wà tó fi sọ gbogbo rẹ̀, ti orí afárá àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin náà kò kọ nǹkan kan.

"Bí ẹ kò bá ṣí i wò, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?"

"N kò mọ̀. Bí n kò ṣe mọ̀ yẹn gan-an ni n kò lè fara dà."

"Ẹ lè tún ìdáhùn kẹtàdínlógún ṣe."

"Ìyẹn kò lè gba kọ́kọ́rọ́ Jẹ́jẹ́ padà."

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan sísọ́ọ̀sì nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Bó bá gé rọ́bà yẹn ní ìdí, bí èékánná báyìí, ọṣẹ á hó. Wọn á rí ibi tó ń jò. Wọn á pààrọ̀ rọ́bà, Jẹ́jẹ́ á gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò to fáìlì. Lọ́la ńkọ́? Lọ́la, á tún ṣí i. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà tó jáde sídìí ọkọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ògiri, ó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Má wá síbí o. Mo ní má wá! Nọ́ọ̀sì wà ńbẹ̀, ó ń bá mi wá a. Bó bá wà ńbẹ̀, á rí i."

Nọ́ọ̀sì yípadà, ó sì kan ilẹ̀kùn Màdáámù.

"Èmi ni, mà," ó ní.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Màdáámù na ìka mẹ́rin sókè. "Oṣù mẹ́rin. O sì ń gun ọkọ̀ lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹni tó sọ ló ń to fáìlì, mà."

Màdáámù gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó sún kọ́kọ́rọ́ náà sí etí tábìlì. "Gbé e fún un. Mo máa bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ìwọ, lọ fi sìlíńdà tuntun sínú ọkọ̀ yẹn, kí o sì bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Lónìí, o ò ní gùn ún. Ti ọ̀la, n kò tíì mọ̀."

Nọ́ọ̀sì ń di sìlíńdà tuntun mọ́ àyè rẹ̀ nígbà tí aago ìpè dún: ọkọ̀ méjì ti forí sọ ara wọn. Jẹ́jẹ́, tí Màdáámù ti bẹ̀ tó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ìwọ?"

"Èmi ni."

"Mo sì ń gbọ́ ọ o. Fíì, fíì, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ni!" Ó fò sídìí ọkọ̀. "Má lọ sílé. Bí mo bá dé, èmi àti ìwọ ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

Obìnrin tó rọ́pò Nọ́ọ̀sì ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀. "Bọ̀dá, ṣé sìlíńdà yìí dáa?"

Nọ́ọ̀sì ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Tuntun ni. Yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó."

Obìnrin náà ṣí i, ó gbé ìbòmú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó sì mi orí pé ó dáa. Láti ibi tí Nọ́ọ̀sì dúró sí, kò rí abẹ́rẹ́, kò sì gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe fẹ́, torí Jẹ́jẹ́ ti tan ọkọ̀. Ó di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mú fún ìgbà díẹ̀. Ó sì tì í láti ìta.