Iyanrìn Inú Páìpù

"Wẹ́dà tó máa rẹ́ èmi Olúgbádé jẹ, ìyá rẹ̀ kò tíì lóyún rẹ̀!"

Bí Bàbá Olúgbádé ṣe sọ ọ́ nìyẹn láàárín àgbàlá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, tó na ọ̀pá ìtilẹ̀ sókè bí ẹni pé gbogbo wẹ́dà tó ń jó irin ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tò sórí ògiri tí wọ́n ń gbọ́. Babátọ́pẹ́, àbúrò rẹ̀, ló ń sọ ọ́ fún. Babátọ́pẹ́ kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Bàbá rí oorun sùn.

Oko kòkó kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ní Arimogija. Bàbá ló gbìn ín, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti òsì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ pípẹ́. Kò ká mọ́, kò sì lè jẹ́ kó gbẹ́sẹ̀ kọjá sórí ọ̀kadà. Ẹbí ti jókòó, wọ́n ti là á mọ́lẹ̀: bí ìkórè bá dé tí Olúgbádé kò bá lè gbé ara rẹ̀ dé oko, kí Babátọ́pẹ́ gbà á. Ni Bàbá bá rántí ọkọ̀ Fọ́kìsì àtijọ́ rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá. Ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń kọ bí àkùkọ. Ó ní òun yóò bọ́ ara ògbólógbòó yẹn dànù, òun yóò fi páìpù kọ́ ara tuntun lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ tí ọ̀nà Arimogija kò ní lè pa.

Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ mọ irú iṣẹ́ tó ṣe. Ọ̀gá àwọn tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń gún àpò kòkó ní irin ṣóṣóró, tó ń wá òkúta àti iyanrìn tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ pa mọ́ síbẹ̀ kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, bí o bá gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gún un wò.

Bó ṣe yan wẹ́dà náà nìyẹn. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà jó irin méjì pọ̀, kí òun fi òòlù nà án. Ti Paul fọ́ bíi bisikíìtì, ó lé Paul. Ti Dùnsìn kò fọ́. Bàbá nà án títí ó fi làágùn, kò fọ́. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wo Dùnsìn láti òkè délẹ̀.

"Kí ló dé tí kò fọ́? Ta ló sọ fún ọ pé n ó nà án tó báyìí?"

Ó lé Dùnsìn náà. Ó wá kan Raheem, ọmọ Ìfọ́n, géńdé tí apá rẹ̀ tóbi, tí ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju apá lọ. Wọ́n ní kó jó irin ìdánwò, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Bàbá, bó bá jẹ́ irin lẹ fẹ́ fọ́, géètì yín nìyẹn."

Bàbá ronú sí i. Oníjìbìtì kì í bú oníbàárà. Ó gba Raheem síṣẹ́.

Ó gbà á síṣẹ́ ni o, kò gbà á gbọ́. Inú àgbàlá ló ní kó ti ṣe é, níbi tí ojú òun ti tó o. Kí páìpù tó dé ọwọ́ rẹ̀, Bàbá ti fi fáìlì kọ àbàjà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ìgbà tí wọ́n ń kọlà fún ọmọ tuntun, kó lè dá wọn mọ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé wọn gbà. Lẹ́yìn náà ló gbé àga síta, tó ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe Raheem. Ó gbé àpótí onírin kékeré kan wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Bàbá, àga yẹn ga jù fún yín. Ẹ máa jókòó sórí èyí, kí ẹ lè máa ṣọ́ mi dáadáa."

Bàbá gbọ̀n ọ́n wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọ̀pá lù ú. Gbogbo ara rẹ̀ ló yẹ̀ wò àfi abẹ́, nítorí pé àtibẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ń fẹ́ orúnkún. Ó jókòó. Ó bá ìdí rẹ̀ mu.

Iṣẹ́ lọ títí ó fi ku páìpù kan ṣoṣo, èyí tí wọn yóò tẹ̀ bí òṣùmàrè lé orí awakọ̀, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, orí kò ní fọ́. Lọ́jọ́ náà, Raheem yá agbada Àbẹ̀ẹ́bí, ìyàwó awakọ̀ tírélà kan, tó máa ń yan gàrí lẹ́yìn ògiri. Ó gbé e kaná. Bàbá na ọrùn.

"Kí lò ń yan?"

"Iyanrìn, Bàbá."

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Páìpù yín ni."

Bàbá sún àpótí rẹ̀ síwájú. Lójú rẹ̀ báyìí, Raheem bu iyanrìn yíyan náà sínú páìpù, ó ń fi igi lù ú kó lè kì dáadáa, ó sì fi igi dí i lẹ́nu méjèèjì. Bàbá wo ìdí páìpù náà. Kò rí àbàjà! Gbogbo rẹ̀ wá yé e kedere: ọ̀daràn yìí ti gbé páìpù tó nípọn lọ, ó ti fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀, iyanrìn ló fẹ́ fi dí ìwọ̀n. Ọgbọ́n inú àpò kòkó náà ni!

Bàbá dúró títí Raheem fi lọ kírun Àsárì. Ó fa igi yọ, ó da iyanrìn nù pátápátá, ó sì fi igi náà dí i padà. Àbẹ̀ẹ́bí yọjú lórí ògiri.

"Bàbá, ẹ má..."

"Ìwọ náà! Agbada ta ni wọ́n fi yan án?"

Àbẹ̀ẹ́bí sọ̀ kalẹ̀.

Raheem dé, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé páìpù sókè. Ó ya òun alára lẹ́nu.

"Ẹ wo apá! Ìyá wa lẹ́yìn ògiri, ṣé ẹ ń wo apá?"

Ó ti páìpù bọ iná èédú, ó fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n. Ó gbé e ti ríìmù tírélà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Páìpù kò tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ikùn rẹ̀ wọlé, ó sì ká po bí orúnkún.

"Olè!" Bàbá fò dìde, ó gbàgbé pé òun ń tiro. Babátọ́pẹ́ ti yọ ní géètì. Ẹni tó ń retí ìkórè kì í jìnnà. Bàbá tún ké. "Ẹ gbà mí! Páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gbé wá, ó fi iyanrìn kún un! Bí kì í bá ṣe pé mo dà á nù..."

Raheem yíjú. "Ta ló dà á nù?"

"Èmi! Èmi ọmọ Ọ̀ghọ̀, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi dà á nù, ojú Àbẹ̀ẹ́bí ló ṣe!"

Àbẹ̀ẹ́bí ló fọhùn láti orí ògiri.

"Bàbá, iyanrìn ló ń di ikùn páìpù mú kó má wọlé bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí tó fi máa ń yá agbada mi nìyẹn."

Babátọ́pẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n lọ pọ́n àdá mi."

"Àbàjà mi dà?" Bàbá na ọ̀pá sí ìdí páìpù. "Mo kọlà sí páìpù yẹn! Fi irin búra pé o ò mú nínú rẹ̀!"

"Èmi?" Raheem gbé àyà sókè. Ó nawọ́ gán irin tó sún mọ́ ọn jù lọ, àpótí Bàbá, ó sì gbé e ga lórí ara rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. "Bí mo bá mú páìpù Bàbá, bó ṣe ìwọ̀n ìka ọwọ́, kí irin yìí..."

Gbogbo ojú wò ó. Lábẹ́ àpótí náà, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àbàjà ń wò wọ́n padà.

"Ọmọ mi!" Bàbá ké tòò. Orí páìpù ara rẹ̀ ló ti ń jókòó, tó ń ṣọ́ olè.

Raheem rọra sọ àpótí náà kalẹ̀. "Àjákù ni, Bàbá. Télọ̀ kì í dá àjákù aṣọ padà. Ẹ̀yin náà lẹ sì kúkú ń jókòó lé e."

Olè kan rèé, ẹni tó ba páìpù ara rẹ̀ jẹ́ náà rèé; ta ni yóò pe ọlọ́pàá fún ta ni? Raheem ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Ó fi ibú ọwọ́ wọn páìpù, ó wọn ẹsẹ̀ àpótí.

"Bí mo bá gé ibi tó ká yìí kúrò, tí mo fi ẹsẹ̀ àpótí rọ́pò rẹ̀, á tó."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló yan iyanrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Páìpù náà tẹ̀ rèǹtè rente. Ó fi òòlù na ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, kò fọ́. Ó fẹ́ bèèrè ìdí tí kò fi fọ́, ó gbé e mì.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Raheem tiná sí ẹ́ńjìnnì, ó wa ọkọ̀ náà yí àgbàlá ká, èéfín bo àwọn adìyẹ. Babátọ́pẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá ní kó fi irin búra. Ó fọwọ́ lé ọkọ̀, ó búra pé bí ọkọ̀ ti wà yìí, òun kò tún ní dárúkọ oko Arimogija mọ́ láéláé.

"Kí ni mo wí?" Bàbá ń kígbe. "Wọn ò tíì lóyún rẹ̀!"

"Ẹ bá mi pe Paul! Ẹ pe Dùnsìn wá wo iṣẹ́ wẹ́dà!" Raheem náà ń ké.

Wọ́n gbé Bàbá sí ìjókòó awakọ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e, ó nà gbọọrọ síwájú bí pákó. Àbẹ̀ẹ́bí, tó wá gba agbada rẹ̀, dúró wo ẹsẹ̀ náà, ó wo inú ọkọ̀, ó nu èérí agbada díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì," ó ní, "ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ọkọ̀ tó lè gbéra."